Ìbọn Méjì, Ọta Kan
Faransé ń pe ìbọn kan ní carabine à verrou, ìkejì ní carabine à levier. Iṣẹ́ ọwọ́ ni orúkọ méjèèjì sọ, wọn kò sọ agbára ọta. Lójú tiwa, bó ṣe yẹ kí á yàn wọ́n náà nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà, Winchester oní-levier ti 1873 ń lo ọta .44-40, lẹ́yìn náà ni Colt ṣe ìbọn ìléwọ́ fún ọta kan náà. Irú ọta bẹ́ẹ̀ kò nílò agbára verrou. Levier ló yá jù: tì í síwájú, fà á padà, ọta mìíràn ti wọlé. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ yìnbọn ni verrou rọ̀ lọ́rùn, torí ilẹ̀ kò ní dí i lọ́wọ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, bí a bá fẹ́ sọ wọ́n lórúkọ ní Yorùbá, ẹ jẹ́ kí á wo ọwọ́ ọdẹ kí á tó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè.