Ìwúlò Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní mùsíọ́mù, kò ju àjà tí a ń kó ògbólógbòó ẹrù sí lọ. Àwọn ẹlòmíràn sì gbà pé ojúbọ òrìṣà ni, wọn kò sì fẹ́ kí ọmọ wọn dé ibẹ̀. Èrò méjèèjì kò tọ̀nà. Ní tèmi, ilé tí a ti ń so ohun àtijọ́ mọ́ ìtàn rẹ̀ ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá sọnù, ìdajì ogún ni ó kù sí wa lọ́wọ́.

Ẹnìkan lè béèrè pé, kí ni ìdí rẹ̀ tí àwọn baba ńlá wa kò fi kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe pé wọn kò mọ iyì iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Láyé ìgbà náà, bí ikán bá jẹ òpó ààfin, agbẹ́gilére wà tí yóò gbẹ́ òmíràn. Bí a bá sì fẹ́ gbọ́ ìtàn ọba tí ó kọ́ ààfin náà, arókin wà tí yóò rọ́ ọ. Ọwọ́ ènìyàn àti ẹnu ènìyàn ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn. Nígbà tí ọmọ agbẹ́gilére di akọ̀wé, tí àwọn olówó òkèèrè sì ń wá ohun ọnà wa rà, ni ewu wọlé.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1938. Àwọn tí ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ kan àwọn orí idẹ tí ẹwà wọn ya gbogbo ayé lẹ́nu. Kò pẹ́ tí ọ̀kan nínú wọn fi dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ibẹ̀ ni ó sì wà títí di òní. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, William Bascom, ra méjì, ó sì kó wọn lọ sí ìlú rẹ̀, kí ó tó dá wọn padà ní ọdún 1950. Ogun ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ohun ọnà lọ kúrò ní ààfin Ọba Bìní ní ọdún 1897, ṣùgbọ́n kò sí ogun ní Ifẹ̀ ní 1938. Títà ni a ta àwọn orí wọ̀nyí. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Irú ìṣẹ̀lẹ̀ báyìí ni ó mú kí Kenneth Murray máa rọ ìjọba pé kí wọ́n tètè wá nǹkan ṣe. Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ni Murray, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó dé Nàìjíríà ní ọdún 1927, lẹ́yìn tí Aina Ọnàbólú, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ti bẹ ìjọba títí pé kí iṣẹ́ ọnà di ẹ̀kọ́ ní ilé-ìwé. Ní 1943 ni a fi Murray ṣe alábòójútó àkọ́kọ́ fún ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. A ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Èsìé ní 1945, a sì ṣí ti Jọ́ọ̀sì ní 1952. Ní 1953 ni òfin jáde láti dáàbò bo àwọn ohun àtijọ́. Ní 1957 ni a ṣí èyí tí ó wà ní Oníkàn, ní Èkó.

Èkó ni olú-ìlú Nàìjíríà nígbà náà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Olú-ìlú ni gbogbo ẹ̀yà ti ń pàdé. Lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo ni ọmọ Yorùbá ti lè rí ère alámọ̀ ti Nok, idẹ Igbo-Ukwu àti idẹ Bìní, kí ó sì mọ̀ pé ọlọ́gbọ́n wà ní ilé aládùúgbò òun pẹ̀lú. Ní ọdún 1991 ni a gbé olú-ìlú lọ sí Abuja, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí Oníkàn ń ṣe kò bá a lọ.

Ní ti àwọn tí ń bẹ̀rù òrìṣà, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọkọ̀ tí a yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed, olórí ìjọba, sí nínú rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1976 wà ní Oníkàn, tòun ti ihò ọta ìbọn lára rẹ̀. Kò sí ẹni tí ń bọ ọkọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dúró níwájú rẹ̀ yóò mọ ohun tí ìfipágbàjọba túmọ̀ sí ju ẹni tí ó kà á nínú ìwé lọ. Bí ó ti rí pẹ̀lú ère náà nìyẹn: wíwò láti fi gbọ́n ni a ń wò ó.

Síbẹ̀, ilẹ̀kùn àti àgádágodo nìkan kò tó. Ní ọdún 1987, àwọn olè kó ohun ọnà lọ nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Jọ́ọ̀sì. Èyí tí ó tún burú ni kí ohun náà wà, kí ìtàn rẹ̀ ti sọnù. Ère òkúta tí ó wà ní Èsìé lé ní 800. Àwọn ará ìlú náà a máa sọ pé àlejò ni wọ́n rí, kí wọ́n tó di òkúta. Ṣùgbọ́n títí di òní, kò sí ọ̀mọ̀wé tí ó lè fi ẹ̀rí sọ ẹni tí ó gbẹ́ wọn. Ère wà, ilé wà, òfin sì wà, ṣùgbọ́n odi ni àwọn ère náà, nítorí pé ẹnu tí ó mọ ìtàn wọn ti pa dé láti ìgbà pípẹ́.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ìjọba Nẹ́dálándì dá ohun ọnà Bìní 119 padà fún Nàìjíríà, ọgbà Oníkàn ni a sì ti ṣe ayẹyẹ rẹ̀. Ó yẹ kí a yọ̀. Ṣùgbọ́n kí ni èrè wa bí a bá ń gba ti òkèèrè padà, tí a sì ń da ti ilé nù?

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ó wà ní Arépo àti agbègbè rẹ̀ gan-an. Oko àná ti di àdúgbò lónìí, àwọn òbí yín sì ti ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ìlú wá: Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́, Èkìtì. Nígbà tí a bá ń kó lọ sí ilé titun, ọpọ́n ìyá àgbà àti aṣọ òfì baba àgbà ni a kọ́kọ́ ń sọ pé kò wúlò mọ́. Kí ẹ tó gbà kí a sọ ọ́ nù, ẹ béèrè: Ta ni ó ni ín? Ta ni ó ṣe é? Ìlú wo ni ó ti wá? Kí ni a ń fi í ṣe? Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé nígbà tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ àwọn olùkọ́ yín kí wọ́n mú yín lọ sí Oníkàn, nítorí pé Èkó kò jìnnà sí yín.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ìjọba lè kọ́ ilé fún ère, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ẹ óò gba àrọ́bá sílẹ̀.