Irọ́ Ni Pé Àwọn Akọ́kóòdù Nìkan Ló Ni Linux

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ kiri pé ẹni tí kò bá mọ kóòdù kọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan Linux, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ yìí ń bọ̀. Ẹ ní bí èèyàn bá fẹ́ kí Firefox àti Thunderbird máa ṣí fúnra wọn ní kété tó bá ti wọlé sórí kọ̀ǹpútà, àfi kó lọ bẹ ọ̀jọ̀gbọ́n. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?

Lórí KDE Plasma, ọ̀kan lára àwọn ojú-iṣẹ́ (desktop) Linux, ẹ ṣí System Settings, ẹ tẹ Autostart, ẹ mú ètò tó wù yín. Ó parí. Gbogbo ohun tí títẹ̀ yẹn ṣe kò ju pé ó fi fáìlì kékeré kan sínú fódà ~/.config/autostart lọ. Ẹ ṣí i wò: àkọlé, irú nǹkan tó jẹ́, orúkọ rẹ̀, àti Exec=firefox tí yóò gbé e dìde. Ìlà mẹ́rin péré ti tó. Kóòdù wo ló wà níbẹ̀? GNOME, Xfce àti Cinnamon náà ń ka fódà yìí, torí pé ìlànà freedesktop.org kan náà ni wọ́n jọ ń tẹ̀ lé.

Ọ̀rọ̀ ibi tí fèrèsé yóò dúró sí ló le díẹ̀, mo gbà. Àmọ́ kì í ṣe àìmọ kóòdù ló fà á. Lórí X11, ìlànà ìfihàn fèrèsé tó ti wà láti 1987, ètò lè yan igun tó wù ú, àṣẹ wmctrl sì lè ti fèrèsé ẹlòmíì síbòmíì. Wayland, ìlànà tuntun tí Kristian Høgsberg bẹ̀rẹ̀ ní 2008, kò gbà bẹ́ẹ̀: onílé, ìyẹn ojú-iṣẹ́ bíi Plasma tàbí GNOME, ló ń fún àlejò, ìyẹn ètò, níjokòó. Èyí ń bí ọ̀pọ̀ èèyàn nínú. Èmi ò bá wọn bínú, torí ètò burúkú tó bá lè jókòó síbi tó wù ú lè gbé ayédèrú àpótí pásíwọọ̀dù lé orí ojúlówó.

Onílé ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀. Ní Plasma, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ òkè fèrèsé náà, ẹ wọ More Actions, ẹ mú Configure Special Window Settings, ẹ fi Position kún un, ẹ yan Apply Initially. GNOME ló háwọ́: àfikún Auto Move Windows lè rán ètò lọ sí workspace tirẹ̀, kò lè sọ igun tí yóò dúró sí. Ẹ gbé ẹjọ́ ìyẹn lọ bá àwọn tó ṣe GNOME.