ÌLERA ILÉ: Kí Ìyá Lè Rí Oorun Sùn



Àwọn ìyá wa tó ti ń fi igi yan ẹja láti ọ̀dọ́, èéfín ti ba ẹ̀dọ̀fóró ọ̀pọ̀ wọn jẹ́. Tílẹ̀ bá ti ṣú, ikọ́ àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ò ní jẹ́ kí wọ́n sùn. Àwọn kan á ní kí ìyá mu ògógóró díẹ̀ kí oorun lè gbé wọn lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò! Ọtí, àti oògùn oorun tí dókítà ò fọwọ́ sí, máa ń dín mímí kù lójú oorun. Ẹni tí èémí rẹ̀ ò tó tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ lè má mọ́ bá a. Ọtí tí a ta sílẹ̀ fún àwọn baba ńlá wa ti tó.

Ẹ fi ìrọ̀rí méjì mẹ́ta gbé orí àti àyà wọn sókè. Kí wọ́n tètè jẹun alẹ́, kó má pọ̀. Nẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ ta; ẹ má sun oògùn ẹ̀fọn tàbí tùràrí ní yàrá. Oògùn tí wọ́n ń fà sínú, kó wà nítòsí ibùsùn.

Bí èémí bá jí wọn lóru, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n tẹ̀ síwájú, kí wọ́n fi imú fà á, kí wọ́n wá fi ẹnu fẹ́ ẹ jáde díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná.

Bí ètè bá ń dúdú, tí wọn ò lè sọ̀rọ̀ tán, ilé ìwòsàn yá lóru náà. Ètùtù lè dúró dọ̀la, èémí ò lè dúró.

Elédùmarè ò ní gba èémí wa láìtọ́jọ́. Àṣẹ.