Ẹ Má Gbé Ìjà GNOME àti KDE Wọ Pobè àti Sakété

Ọ̀rọ̀ kan ń bí wa nínú, a ò sì ní bò ó mọ́ra.

Ó ti pẹ́ tí àwa tí à ń bá àwọn ọ̀dọ́ tún kọ̀ǹpútà àlòkù ṣe ti ń sọ fún wọn pé kí wọ́n gbìyànjú Linux wò. Ọ̀fẹ́ ni, kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ó sì ń jí ẹ̀rọ tó ti kú dìde. Àmọ́ ní báyìí, bí ọmọ kan bá béèrè pé èwo ni kí òun fi sí ẹ̀rọ òun, èébú ni wọ́n fi ń dá a lóhùn. Ọ̀kan á ní GNOME ni, pé ẹni tó bá ń lo KDE kò mọ ohun tó ń ṣe. Òmíràn á ní KDE ni, pé àwọn tí kò lè ronú ni GNOME wà fún. Ọmọ náà á dákẹ́, á pa dà sọ́dọ̀ ẹni tó máa fi ayédèrú Windows sí i fún un, tòun ti fáírọ́ọ̀sì inú rẹ̀. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní ọjà tiwa yìí, àwọn àgbà gan-an ló ń wọ́ ọ lórí.

Fún ẹni tí kò mọ̀: GNOME àti KDE ni ojú iṣẹ́ tí a máa ń rí bí a bá tan kọ̀ǹpútà, ibi tí a ti ń ṣí fáìlì, tí a ti ń wá nǹkan, tí a ti ń pa ẹ̀rọ. Linux kan náà ló wà lábẹ́ àwọn méjèèjì. Aṣọ ló yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ ibi tí ìjà yìí ti ṣẹ̀, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jà á ni kò mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 1996, Matthias Ettrich, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Tübingen ní Jámánì, kéde pé òun fẹ́ kí wọ́n ṣe ojú iṣẹ́ kan tí ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ náà máa lè lò. Ìyẹn ni KDE. Ohun èlò tí wọ́n fi kọ́ ọ ni Qt, tí ilé iṣẹ́ Trolltech ní Norway ṣe. Nígbà náà, ẹ lè lo Qt lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ò lè tún un ṣe kí ẹ sì pín èyí tí ẹ tún ṣe bó ṣe wù yín. Àwọn kan ní àwọn ò ní gbà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1997, Miguel de Icaza àti Federico Mena ní Mẹ́síkò dá GNOME sílẹ̀, kí ojú iṣẹ́ kan lè wà tí kò ní ìdè kankan. Nígbà tó di ọdún 2000, Trolltech gbé Qt sábẹ́ ìwé àṣẹ GPL.

Ó parí. Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ ti tán láti ọdún 2000. Àwọn ọmọ tó ń bú ara wọn lónìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọn ò tíì bí nígbà náà!

Àwa ò sọ pé ìjà náà kò wúlò. Ó wúlò gan-an: bí GNOME kò bá dìde, ta ló mọ̀ bóyá Trolltech ì bá tú ìdè Qt? Ìjà tó nídìí nìyẹn, òmìnira ni wọ́n ń jà fún. Ẹ wo ohun tí àwọn tó ń kọ kóòdù fúnra wọn wá ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọdún 2009, ẹgbẹ́ méjèèjì pàdé pọ̀ ní Gran Canaria. Ní ọdún 2011, wọ́n tún pàdé pọ̀ ní Berlin. Wọ́n jọ jókòó. Àwọn tí kò kọ ìlà kóòdù kan ṣoṣo rí ló wá ń fà á ní Pobè bí ẹni ń fa ilẹ̀ bàbá wọn.

Linus Torvalds tó dá Linux sílẹ̀ ńkọ́? Ní ọdún 2005, ó ní kí àwọn ènìyàn lo KDE. Ní ọdún 2009, ó sọ pé òun ti kó lọ sí GNOME, torí KDE 4.0 kò tẹ́ òun lọ́rùn. Ní ọdún 2011, GNOME 3 bí i nínú, ó sá lọ sí Xfce. Nígbà tó di ọdún 2013, ó ti pa dà sí GNOME. Ọkùnrin náà ṣí kiri bí ẹni ń wá ilé tó máa yá. Bí ẹni tó ni igi bá lè máa ti orí ẹ̀ka kan bọ́ sí òmíràn, kí ló kan ẹ̀yin tí ẹ ń bú ọmọlọ́mọ nítorí ẹ̀ka?

Ní tiwa, a ní èrò, a ò sì ní fi pamọ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń dé ọ̀dọ̀ wa láti Kútọnu ti gbó. Microsoft fi Windows 10 sílẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 (ọjọ́ ìbí KDE gan-an, ẹ wo ọ̀ràn), bẹ́ẹ̀ Windows 11 ń béèrè TPM 2.0 tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ kò ní. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tí kò ju 2 GB lọ, ẹ fi Xfce tàbí LXQt sí i, kí ọmọ máa rí iṣẹ́ ṣe. Bó bá ní 8 GB, kó lo èyí tó wù ú. A ò rí ìdí kankan tí ọ̀rọ̀ yìí fi yẹ kó gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ohun tó yẹ kó máa dùn wá nìyí: nínú GNOME àti KDE méjèèjì, ìtumọ̀ Yorùbá kò pé. Èdè Faransé pé, èdè Jámánì pé. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọ̀sán àti òru jà fún wọn, ẹ fi Faransé kí wọn, wọ́n fi Faransé kí yín padà. Ẹni tó bá tiẹ̀ wá Yorùbá nínú glibc, yo_NG ló máa rí, èyí tó ń ka owó ní náírà. Ta ló ń ná náírà ní ilé ìfowópamọ́ Sakété? Àtẹ bọ́tìnnì Yorùbá tó wà nínú Linux, abẹ́ Nàìjíríà ló wà, QWERTY sì ni, bẹ́ẹ̀ AZERTY ló wà lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tiwa. Ẹ tẹ A, Q ló máa jáde.

Ìjà mìíràn tún wà nínú ilé. Láti ọdún 1975 ni Benin ti ní álífábẹ́ẹ̀tì fún àwọn èdè ilẹ̀ wa, tí a fi ń kọ ɛ, ɔ àti sh, níbi tí àwọn ará Nàìjíríà ti ń kọ ẹ, ọ àti ṣ. A mọ̀ pé bí a bá ní ká bẹ̀rẹ̀ ìtumọ̀ lọ́la, orí èyí ni a máa kọ́kọ́ jà sí. Kò sídìí fún un. Nínú CLDR, àkójọ tí Unicode ń tọ́jú, yo àti yo-BJ ti wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀rọ lè yí ọ̀kan sí èkejì. Àwa fi ti Nàìjíríà kọ èyí kí àwọn ará Ìlaròó náà lè kà á. Ẹni tó bá fẹ́ fi ti Benin dá wa lóhùn, kó fi dá wa lóhùn.

Torí náà, ẹni tó bá tún fẹ́ jà fún GNOME tàbí KDE lábẹ́ ọ̀rọ̀ wa, kó kọ́kọ́ mú ìtumọ̀ gbólóhùn mẹ́wàá wá fún èyí tó fẹ́ràn. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ báyìí. Nínú èdè Faransé, bọ́tìnnì tí a fi ń sọ pé a ò ṣe mọ́, àti èyí tí a fi ń dá ohun tí a ti ṣe padà, “Annuler” kan náà ni wọ́n kọ sí méjèèjì. Àwa lè ṣe é dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ: “Fi sílẹ̀” fún ti àkọ́kọ́, “Dá a padà” fún èkejì. Ẹ̀yin Ọ̀họ̀rí ní Pobè, ẹ̀yin Ànàgó ní Sakété, báwo ni ẹ ṣe ń sọ ọ́ nílé?