Ilẹ̀ Ta Ni A Sùn Sí?

Yorùbá ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ó jọ pé àwọn ará Ìlú Ọba ti wá ọgbọ́n ta sí òwe yìí, nítorí pé ilé gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé rìn báyìí, bí ìgbín ti ń gbé ìkarahun rẹ̀. Ọkọ̀ tí kò tóbi ju dáńfó lọ ni wọn yóò mú, wọn yóò yọ àga inú rẹ̀, wọn yóò sì to ibùsùn, sítóòfù onígáàsì, àgbá omi àti póò ìgbọ̀nsẹ̀ sí i. Ẹni tí ó bá ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tàbí tí ó háyà rẹ̀, kò tún ní í bèèrè òtẹ́ẹ̀lì mọ́. Ibi tí ilẹ̀ bá ṣú u sí ni yóò sùn. Owó díẹ̀, ìgbádùn púpọ̀: èyí ni wọ́n fi ń polówó rẹ̀, irọ́ pátápátá kọ́ sì ni.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí ó gbajúmọ̀ fún irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní North Coast 500, ní àríwá Skọ́tlándì. Ìlú Inverness ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ó sì parí sí, lẹ́yìn tí ó bá ti tọ etí òkun fún máìlì 516, èyí tí ó tó nǹkan bí kìlómítà 830. Ọdún 2015 ni wọ́n gbé orúkọ náà jáde láti fa àlejò wá sí agbègbè tí èrò kò pọ̀ sí. Àwọn òpópónà náà fúnra wọn ti wà tipẹ́. Àlejò gbọ́ ìpè, wọ́n sì wá wìtìwìtì.

Tọkọtaya ọmọ Yorùbá kan tí wọ́n fi Ìlú Ọba ṣe ibùgbé gba ọ̀nà yìí ní oṣù Keje, ní àkókò tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní ẹ̀ẹ̀rùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò kò gbà pẹ̀lú wọn. Ìyá ọkọ, tí ó wá kí wọn láti Ìsẹ́yìn, wà nínú ọkọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọkùnrin wọn kan ṣoṣo. Nítorí àti ṣọ́ owó ná, wọ́n ti ra ìrẹsì, ẹja inú agolo, búrẹ́dì àti omi tán ní Inverness, wọ́n sì rọ epo kún táǹkì, kí wọ́n má baà ná kọ́bọ̀ ní abúlé kankan.

Ọjọ́ kejì dára púpọ̀. Wọ́n gun òkè lọ sí Applecross, ní ojú ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Bealach na Bà. Ọ̀nà màlúù ni ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè Gaelic, èdè àwọn baba ńlá ibẹ̀, nítorí pé màlúù ni wọ́n ń dà gba ibẹ̀ ní ayé àtijọ́. Ó ga tó mítà 626 sí òkun, ó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ejò, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni ó sì gbà. Pátákó kan wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí ó ń kìlọ̀ fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọkọ̀ wíwà àti fún àwọn ọkọ̀ ńláńlá pé kí wọ́n má ṣe dán an wò. Òógùn bo awakọ̀ náà. Nígbà tí wọ́n dé orí òkè, tí ojú ọ̀run là, tí wọ́n rí erékùṣù Skye lókèèrè nínú òkun, Màmá sọ̀kalẹ̀, ó so gèlè rẹ̀ le nítorí atẹ́gùn, ó sì fi oríkì ìdílé ki ọmọ rẹ̀ títí omi fi lé ròrò sí ojú onítọ̀hún. Àwọn òyìnbó tí ó wà níbẹ̀ dúró wò ó. Kò sí òtẹ́ẹ̀lì tí ó lè ta irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ènìyàn. Ní Durness, iyanrìn etí òkun funfun nini. Ọmọ náà sáré wọ inú omi, ó sì tún sáré jáde nítorí òtútù. Aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá kí oòrùn tó wọ̀. Màmá ní òun kò tíì rí ibi tí alẹ́ ti ń pẹ́ dé bẹ́ẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n ilé tí a gbé rìn, gbogbo wàhálà ilé ni ó ń bá a rìn. Òjò rọ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko, aṣọ tútù kún inú ọkọ̀, ènìyàn mẹ́rin sì sùn sí àyè tí kò tó ti mẹ́ta, orí ẹnì kan ní ìdí ẹsẹ̀ ẹnì kejì. Nígbà tí òjò dá, tí atẹ́gùn sì rọlẹ̀, kantíkantí dé. Kòkòrò wọ̀nyí kò tó nǹkan lójú, ṣùgbọ́n ibi tí atẹ́gùn kò bá sí ni wọ́n ti ń jọba. Ìyàwó tí ó ń dáná ní ìta sá wọlé, ó fi ìkòkò ìrẹsì sílẹ̀ fún wọn.

Ní ọjọ́ karùn-ún, póò kún. Wọ́n ti kọjá ibùdó tí wọn ì bá ti sanwó kí wọ́n sì dà á nù. Ọkọ wá ní kí òun kúkú gbé e lọ sí ẹ̀yìn àpáta nígbà tí kò sí ẹni tí ń wò.

"Ilẹ̀ ta ni a sùn sí yìí?" ni Màmá bèèrè.

"Màmá, kò sí ẹni tí ó ni ín. Ìjọba ni ó ni ín."

"Àwọn àgùntàn wọ̀nyí ńkọ́? Ṣé ìjọba ni ó ń sìn wọ́n ni?"

Ọmọ kò rí èsì fọ̀. Ìbéèrè yìí ni ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tí ó ń yin ìrìn àjò olówó pọ́ọ́kú kọ́kọ́ dáhùn. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní Skọ́tlándì ní ọdún 2003 fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti rìn lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn, kí wọ́n sì pàgọ́ sí i, bí wọ́n bá hùwà ọmọlúàbí. Àwọn bí ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ ni òfin náà wà fún. Kò fún ọlọ́kọ̀ ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ ìyàtọ̀ yìí, àwọn tí ó mọ̀ ọ́n a sì máa ṣe bí ẹni tí kò mọ̀.

Ilẹ̀ tí ojú rí bí ilẹ̀ òfìfo yẹn, wọ́n sọ ọ́ di òfìfo ni. Ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, àwọn tí ó ni ilẹ̀ Sutherland lé àwọn àgbẹ̀ kúrò ní àfonífojì Strathnaver kí wọ́n lè rí àyè sin àgùntàn. Ọdún 1814 àti 1819 ni èyí tí ó le jù ṣẹlẹ̀. Wọ́n dáná sun ilé. Etí òkun ni wọ́n lé wọn lọ, sí ilẹ̀ àpáta, kí wọ́n lọ kọ́ ẹja pípa. Abúlé Bettyhill, tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń dúró sí láti ya fọ́tò, ọ̀kan nínú àwọn ibi tí wọ́n kó wọn sí ni, orúkọ obìnrin ọlọ́lá tí ó ni ilẹ̀ náà ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Màmá kò gbọ́ ìtàn yìí rí. Àgùntàn nìkan ni ó rí tí ó fi mọ̀ pé ilẹ̀ náà ní olúwa.

Ní ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́, àlejò kì í dédé wọ ìlú. Oníbodè ni yóò kọ́kọ́ rí. Yóò san owó ibodè, yóò sì sọ ibi tí ó ti ń bọ̀. Bí ó bá fẹ́ sùn, yóò wọ̀ sí ilé ẹnì kan, onílé náà ni yóò sì dúró fún un bí ọ̀ràn bá ṣẹlẹ̀. Omi ni wọn yóò fi lọ̀ ọ́ kí wọ́n tó bèèrè ohun tí ó bá wá. Àwọn kan lè jiyàn pé àwọn alájàpá tí wọ́n ń rìn ní ọ̀wọ́ lọ sí ọjà ọ̀nà jíjìn náà ń sùn ní àgọ́. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n wọ́n san owó oníbodè, wọ́n sì ra oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn obìnrin tí ń tà á lẹ́bàá ọ̀nà. Àwọn ará àríwá Skọ́tlándì náà ní àṣà tí ó fara jọ èyí. Cèilidh, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí òde ijó lónìí, àbẹ̀wò ni ó túmọ̀ sí ní ìpilẹ̀ṣẹ̀: kí aládùúgbò wọ ilé ara wọn ní alẹ́, kí wọ́n jókòó ti iná, kí wọ́n pa ìtàn, kí wọ́n sì kọrin. Ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ mọ́ ara rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ti yọ ara rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀.

Ohun tí ó pọ́ọ́kú fún èrò ọkọ̀ kò pọ́ọ́kú fún onílé. Ọ̀nà tóóró ni púpọ̀ nínú àwọn ọ̀nà wọ̀nyí, wọ́n sì gé àyè ìyàgò sí ẹ̀gbẹ́ wọn kí ọkọ̀ méjì lè kọjá lára ara wọn. Bí àlejò bá sùn sí àyè ìyàgò, nọ́ọ̀sì tí ń lọ wo aláìsàn ni yóò fi ẹ̀yìn rìn padà. Onílé náà ni yóò kó pàǹtí. Ní ọdún 2024, ìjọba ìbílẹ̀ Highland dá ètò kan sílẹ̀ pé kí ọlọ́kọ̀ tí ó bá fẹ́ san pọ́n-ùn 40 fún ọjọ́ méje, kí ó lè sùn ní àwọn ibi ìgbọ́kọ̀sí kan. Kì í ṣe dandan, síbẹ̀ àwọn kan pariwo pé owó orí ni. Ariwo wọn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Owó ibodè lásán ni, kò sì pọ̀. Ẹ̀bi kò sì wà lọ́rùn àlejò nìkan. Ẹni tí ó ránṣẹ́ pe gbogbo ayé wá sí òde, tí kò la ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ó tó sí ojú ọ̀nà wọn, kò lè ké jù bí ilẹ̀ rẹ̀ bá rùn.

Wọn kò da póò náà sí ẹ̀yìn àpáta. Ní òwúrọ̀, Màmá ní kí wọ́n dúró ní iwájú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní abúlé tí ó tẹ̀ lé e. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí obìnrin tí ó wà níbẹ̀, ìyàwó ọmọ rẹ̀ sì ń túmọ̀. Wọ́n ra ẹyin àti búrẹ́dì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé búrẹ́dì ṣì wà nínú ọkọ̀. Obìnrin náà fi ibi tí wọ́n lè da póò sí hàn wọ́n, ó sì bèèrè ibi tí Màmá ti wá. Ọ̀rọ̀ àgùntàn ni wọ́n ń sọ títí ọ̀sán fi pọ́n: bí àrùn ẹsẹ̀ ti ń ṣe é, àti ohun tí àwọn ará Ìsẹ́yìn ń fún un jẹ. Bí wọ́n ti fẹ́ kúrò, ó fi ẹyin méjì kún ti ọwọ́ wọn. Màmá kò jẹ́ kí ìyàwó túmọ̀ ìyẹn fún òun. "Ènì ni," ni ó wí, ó sì gbé ẹyin náà sí orí itan rẹ̀ títí wọ́n fi dé Thurso.