Omi Tí Pẹ́pẹ́yẹ Yín Ń Mu



Ìyá kan tí ń gbé ní Ilo-Awela, nítòsí Tollgate ní Ọ̀tà, kọ̀wé sí wa nípa pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀. Mọ́kànlá ni wọ́n. Òjò ńlá kan rọ̀, gọ́tà kún, àwọn pẹ́pẹ́yẹ sì wọ inú rẹ̀ lọ wẹ̀ bí ìṣe wọn. Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, ọrùn àwọn kan rọ̀ jọwọrọ, wọn kò lè gbé orí mọ́. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, méje ti kú. Méjì tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n kú ni ìyá náà yára dúńbú, kí wọ́n má baà di òkúǹbete, ó sì sè wọ́n fún àwọn ọmọ. Ó wá ń bèèrè pé: “Ǹjẹ́ mo ṣe dáadáa? Kí ni kí n ṣe kí irú èyí má tún ṣẹlẹ̀?”

Ìyá wa, a bá yín kẹ́dùn. Owó kékeré kọ́ ni pẹ́pẹ́yẹ mẹ́sàn-án. Ìdáhùn wa yóò gùn díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan ọ̀pọ̀ ilé.

Àwọn àgbà ní omi kò lọ́tàá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n omi kan wà tí ó jẹ́ ọ̀tá pẹ́pẹ́yẹ, òun ni omi gọ́tà. Níbi tí òkú eku àti pàǹtí bá ti ń jẹrà nínú omi tí kò ṣàn, oró kan lè wà níbẹ̀ tí í mú ọrùn àti ẹsẹ̀ ẹyẹ rọ. Ìdin tí ó jẹ òkú ẹran náà a gba oró yìí sára, pẹ́pẹ́yẹ a sì ṣa ìdin jẹ. Ohun tí ìyá wa ṣàlàyé jọ èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé dókítà ẹran ni ó lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Àwa tí a ń gbé láàárín ilé-iṣẹ́ ńláńlá tún ní ẹrù mìíràn. Epo ọkọ̀, ọ̀dà àti omi bátìrì lè ṣàn wọ gọ́tà. Òjé tí ó wà nínú bátìrì kì í tètè kúrò lára ẹyẹ. A máa wọ inú ẹyin rẹ̀, ọmọ tí ó bá sì ń jẹ ẹyin náà yóò gbà á sínú ẹ̀jẹ̀. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Nítorí náà, ohun tí pẹ́pẹ́yẹ yín bá mu lónìí, ọmọ yín lè jẹ ẹ́ lọ́la.

Ẹ̀sìn wa ti kọ́ wa lọ́gbọ́n lórí èyí. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, kọ̀ fún wa láti jẹ ẹran tí ó fi ẹ̀gbin ṣe oúnjẹ. A sì gbọ́ pé Ibn Umar a máa sé irú adìẹ bẹ́ẹ̀ mọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó jẹ ẹ́. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta kò lè fọ òjé. Kí ẹ má jẹ́ kí wọ́n dé gọ́tà rárá ni ó dára jù.

Báwo ni ẹ ó ti ṣe é? Ẹ fi igi àti wáyà ṣe ọgbà kékeré fún wọn lẹ́yìn ilé, kí ó ní òjìji àti ibi gbígbẹ tí wọn yóò sùn. Pẹ́pẹ́yẹ tiwa yìí, olójú pupa tí kì í pariwo, tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà wá, kò fi dandan nílò odò. Abọ́ omi tí ó jìn tó kí ó lè ri imú àti ojú rẹ̀ bọ̀ ọ́ ti tó o. Bí imú rẹ̀ bá dí, àìsàn dé nìyẹn. Ẹ gbé abọ́ náà sórí òkúta, ẹ sì máa pààrọ̀ omi rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, àwo pẹrẹsẹ ni kí ẹ lò, kí ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, kí wọ́n má baà rì.

Ní ti oúnjẹ, èèrí àgbàdo nìkan kò tó. Ọmọ pẹ́pẹ́yẹ tí a fi àgbàdo nìkan bọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa wọ́. Ẹ fi ẹja gbígbẹ, ẹ̀fọ́ àti ìwúkàrà díẹ̀ kún un. Ẹ má ṣe fún wọn ní àgbàdo tàbí ẹ̀pà tí ó ti bu. Ní ọdún 1960, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tòlótòló tí ó ju 100,000 lọ kú, ọmọ pẹ́pẹ́yẹ sì kú pẹ̀lú wọn. Ẹ̀pà lílọ̀ tí ó ti bu, tí wọ́n kó wá láti Bùràsíìlì, ni wọ́n jẹ.

Bí abo bá ń sàba, ẹ ní sùúrù. Adìẹ a máa pa ẹyin rẹ̀ ní ọjọ́ 21, ṣùgbọ́n ti pẹ́pẹ́yẹ yìí tó ọjọ́ 35. Ọ̀pọ̀ ìyá ni ó ti da ẹyin tí ó ní ọmọ nínú nù nítorí ìkánjú.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ dídúńbú. Ìyá wa ṣe dáadáa ní ti pé kò jẹ́ kí òkúǹbete wọ ìkòkò. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ a máa sọ ẹran di hálálì ni, kì í wo àrùn sàn. Ní oṣù Èrèlé ọdún 2006, àrùn àwọn ẹyẹ tí a ń pè ní H5N1 wọ Nàìjíríà, ní oko adìẹ kan ní ìpínlẹ̀ Kàdúná. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2007, ó pa ọ̀dọ́mọbìnrin ẹni ọdún 22 kan ní Èkó. Pípa ẹyẹ tí ń ṣàìsàn, títu ìyẹ́ rẹ̀ àti yíyọ ìfun rẹ̀ wà lára ọ̀nà tí ó fi ń ran ènìyàn. Àwa ìyá àti àwọn ọmọbìnrin wa ni a sì ń ṣe iṣẹ́ náà. Pẹ́pẹ́yẹ mìíràn tilẹ̀ lè gbé àrùn yìí kiri láìṣàìsàn.

Nítorí náà, bí ọ̀kan bá ń ṣàìsàn, ẹ yà á sọ́tọ̀ sí abẹ́ òjìji, ẹ fún un ní omi mímọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án. Bí méjì tàbí mẹ́ta bá kú tẹ̀lé ara wọn, ẹ má pa ìyókù jẹ o. Ẹ pe dókítà ẹran. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà ní Abẹ́òkúta. Èyí tí ó bá kú, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ jìn, ẹ sin ín, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ẹ má ṣe jù ú sí gọ́tà, nítorí pẹ́pẹ́yẹ aládùúgbò yín ń bọ̀ wá mu níbẹ̀.

Ìyá wa ní Ilo-Awela, pẹ́pẹ́yẹ méjì ṣẹ́kù fún yín. Ẹ ṣe ọgbà fún wọn kí òjò mìíràn tó rọ̀. Kí Ọlọ́run fi òmíràn rọ́pò, kí ó sì dá àwọn ọmọ sí fún wa. Àmín. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.