Òwú Tó Ṣẹ́kù, Ta Ni À Ń Hun Ún Fún?

Ẹgbẹ́ àwọn ìyá tó ń hun wúùlù kò ṣọ̀wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìkàwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Tíì á wà níwájú, wúùlù á wà lórí itan. Ẹnu ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ ń ṣiṣẹ́. Àpò ńlá kan máa ń wà láàárín tí gbogbo wọn ń kó ìyókù sí: èyí tó ṣẹ́kù lára súwẹ́tà ọmọọmọ, èyí tí olóògbé kan fi sílẹ̀ tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò mọ ohun tí wọ́n lè fi í ṣe. Inú àpò yìí ni fìlà àwọn ọmọ tí a bí láìpé oṣù ti ń jáde, àti kúbùsù fáwọn tí kò nílé, àti àwọn fìlà bíńtín tí ilé iṣẹ́ Innocent bẹ̀rẹ̀ sí í dé lé ìgò ohun mímu rẹ̀ ní 2003, tó fi dáwó fún ẹgbẹ́ tó ń ran àwọn arúgbó lọ́wọ́.

Mo fẹ́ràn àṣà yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa Yorùbá tó ń gbé níbẹ̀ kì í pọ̀ nídìí tábìlì yẹn. Ṣíìfù kì í jẹ́ ká jókòó. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni òfin rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ọmọ tuntun máa ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́: kò gbọdọ̀ ní bọ́tìnnì, kò gbọdọ̀ ní ríbọ́ọ̀nù, wúùlù tí irun rẹ̀ ń yọ kò dáa. Ẹ wo octopus, ẹran omi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ, tí àwọn ará Dẹ́nmáàkì bẹ̀rẹ̀ sí í fi kíróṣè ṣe fáwọn ọmọ tí a bí láìpé oṣù ní 2013. Òwú gidi nìkan ni kí wọ́n lò, kí ìhun rẹ̀ fún pinpin kí ohun tó wà nínú má baà yọ, kó ṣeé fi omi gbígbóná fọ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má sì gùn débi tí yóò fi wé mọ́ ọmọ lọ́rùn. Wọ́n ní ọmọ á di ẹsẹ̀ yẹn mú bó ṣe ń di okùn ìwọ́ mú nínú ìyá rẹ̀, kò sì ní máa fa rọ́bà tí wọ́n kì bọ̀ ọ́ nímú. Mi ò bá wọn jiyàn lórí ìyẹn.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni aṣọ onígun mẹ́rin kéékèèké méjì tí wọ́n máa ń hun lọ́gbọọgba. Ìyá á fi ọ̀kan há àyà, wọ́n á tẹ́ èkejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ nínú àpótí gíláàsì tí wọ́n fi ń mú un móoru. Tó bá yá, wọ́n á pààrọ̀ wọn: òórùn ìyá á dé ọ̀dọ̀ ọmọ, òórùn ọmọ á dé ọ̀dọ̀ ìyá. Òwú tí kò kún àtẹ́lẹwọ́ ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn.

Bó bá wá kan ilé, òfin á sọnù. Ẹni tó béèrè ìwọ̀n orí ọmọ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì Manchester kì í béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì Ìbàdàn. À ń di súwẹ́tà, ìbọ̀wọ́ àti sikáàfù sínú dúrọ́ọ̀mù, à ń kó o lọ sílé àwọn ọmọ aláìníyàá nínú oṣù Ẹrẹ̀nà, nígbà tí ooru ń mú bí ẹni jókòó ti ààrò.

Ẹlòmíì á gba òdìkejì: ilẹ̀ wa gbóná, kí ni ọmọ fẹ́ fi fìlà wúùlù ṣe? Ìyẹn náà ò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kò tó kílò méjì kì í lè mú ara rẹ̀ móoru, ì báà jẹ́ Sókótó ni wọ́n bí i sí. Fìlà, ìbọ̀sẹ̀ àti ìlédìí ni wọ́n ń wọ̀ fún un bí wọ́n bá dè é mọ́ ìyá rẹ̀ láyà, ara kan ara. Àwọn dókítà Bogotá ní Kòlóńbíà ló bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú yìí ní nǹkan bí 1978, nígbà tí àpótí gíláàsì kò tó lò. Ní 2021 ni ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ní orílẹ̀-èdè 5 jáde, Ilé-Ifẹ̀ sì wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe é. Àwọn ọmọ tó wọn láti kílò 1 sí bíi 1.8 ni wọ́n wò. Iye tó kú nínú àwọn tí wọ́n gbé lé àyà ìyá lójú ẹsẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 25 nínú 100 dín sí ti àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ dúró kí ara wọn balẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé fìlà ló ṣe é o. Àyà ìyá ni. Ṣùgbọ́n fìlà wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ ìhun náà kì í ṣe àjèjì nílé. Ẹni tó lọ sílé ìwé nígbà tí iṣẹ́ ọwọ́ ṣì ní láárí á rántí igi ìgbálẹ̀ tí a fi ń hun dípò abẹ́rẹ́, á rántí kíróṣè tí ìyá fi bo orí àga pálọ̀. Lónìí, àwọn ọ̀dọ́bìnrin ti sọ ọ́ di òwò: wọ́n ń hun báàgì, wọ́n ń hun síkẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á lórí Instagram. Òkèèrè ni púpọ̀ nínú òwú wọn ti ń wá, bí dọ́là bá sì gbéra, owó òwú á gbéra. Nítorí náà, kò sí ohun tó ń jẹ́ ìyókù lọ́dọ̀ wọn. Ohun tó ṣẹ́kù lára iṣẹ́ oníbàárà kan ni yóò di òdòdó létí báàgì ẹlòmíì.

Ibi tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń yapa nìyí. Bí a bá hun ogún fìlà ránṣẹ́, ọpẹ́ ni. Bí a bá fi òwú náà ránṣẹ́ pẹ̀lú owó iṣẹ́, ọmọbìnrin kan l'Óṣogbo á rí nǹkan ṣe, fìlà á sì tún dé ilé ìwòsàn. Wọ́n á ní, ìgbádùn ìhun ńkọ́? Ìgbádùn tiwa nìyẹn, kì í ṣe ti ọmọ. Ìtara tún lè ju ohun tí wọ́n fẹ́ lọ. Ní Phillip Island, Australia, wọ́n tọrọ súwẹ́tà fún àwọn ẹyẹ pẹngúìn tí epo rọ̀bì bá bà lára. Aráyé fi ránṣẹ́ títí ó fi pọ̀ ju ẹyẹ lọ, wọ́n wá ń wọ ìyókù fún ọmọláńgidi tí wọ́n ń tà.

Kí ẹ tó fa bọ́ọ̀lù wúùlù yọ lọ́dún yìí, ẹ pe mátírọ́ọ̀nù ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ilé yín. Ẹ bi wọ́n bí orí ọmọ ṣe ń tó, irú òwú tí wọ́n ń gbà, àti bóyá fìlà tiẹ̀ ni wọ́n nílò. Bí wọ́n bá ní ọṣẹ ni, ẹ ra ọṣẹ.